Commodore 64 l'Abuja: ẹ ra ẹ̀rọ, ẹ má lo ṣájà àtijọ́ rẹ̀

Ẹ tan Commodore 64 (C64), kọ̀ǹpútà ilé àtijọ́, kí ẹ tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ojú búlúù ti yọ: 38911 BASIC BYTES FREE, READY. Kò bèèrè páswọ́ọ̀dù, kò ní kí ẹ ra dátà. Ẹ tẹ POKE 53280,0, kí ẹ sì tẹ RETURN: etí ojú náà á di dúdú lójú ẹsẹ̀, nítorí nọ́ńbà yẹn wọ inú IC (ẹ̀yà kékeré dúdú orí bọ́ọ̀dù) tó ń ya àwòrán lọ tààrà. Ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn ṣì máa ra ẹ̀rọ ọdún 1982 nìyẹn: gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ló ṣeé mọ̀ lórúkọ, èyí tó bá sì kú, ẹ lè yọ ọ́ kí ẹ fi òmíràn sí i.

Èyí tó ti Ìlú Ọba tàbí Jámánì wá ni kí ẹ rà. PAL ni ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, iná 50Hz bíi tiwa ló sì ń lò. NTSC ni ti Amẹ́ríkà, 120V ni ṣájà rẹ̀ ń jẹ. Ẹni tó bá fi í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ní Gwarinpa ti jó o nìyẹn.

Ṣájà ló ń pa ẹ̀rọ yìí jù. Wọ́n da gọ́ọ̀mù líle bo inú rẹ̀, ooru kò rọ́nà jáde. Bó pẹ́ bó yá, regulator inú rẹ̀, ẹ̀yà tó ń mú 5V dúró sójú kan, á bàjẹ́, 5V á gòkè, á sì jó àwọn RAM (IC ìrántí) láì kìlọ̀. Ẹ fi míta wọn ṣájà kó tó kan ẹ̀rọ rárá. Ẹnu wáyà rẹ̀ ní irin méje: 5V wà láàárín pin 5 àti pin 2, 9V AC wà láàárín 6 àti 7. Bí 5V bá ti kọjá 5.25, ẹ sọ ọ́ nù. Bí míta bá sì ka 5 géérégé nígbà tó tutù, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀, nítorí ìgbà tó bá gbóná tán ló máa ń yíwà padà. Ẹ ra tuntun tí wọ́n ṣe fún C64. Ṣájà fóònù kò ní 9V AC, láìsí ìyẹn SID, IC ohùn rẹ̀, kò ní dún. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò jẹná, kò tó 20W. Ínfátà kékeré á gbé e.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá kejì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ Abuja bá gbẹ, tí aṣọ ń ta ṣáṣá lára, ẹ má fọwọ́ kan irin inú ihò joystick. Ihò yẹn lọ tààrà sínú CIA 6526, IC tó ń gbọ́ ti kíbọ́ọ̀dù àti joystick, ìtapá iná kékeré kan láti ara yín lè pa á, kíbọ́ọ̀dù àti joystick á sì dákẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin tó kanlẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ bo ẹ̀rọ nítorí eruku.

Bí iná rẹ̀ bá tàn tí ojú dúdú, PLA, IC tó ń yan èyí tó máa dáhùn nínú àwọn IC yòókù, la máa ń kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà RAM. Bọ́ọ̀dù àtijọ́ ní RAM 4164 mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan; èyí tó gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ló sábà máa ń jẹ́ èyí tó kú. Àwọn atúnfóònùṣe ní Wuse lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n dín ooru kù, torí ojú wáyà bọ́ọ̀dù yẹn tètè ń ṣí. Kí wọ́n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì IC síbẹ̀ kí wọ́n tó fi tuntun sí i.

Bọ́tìnnì tí kò bá gbọ́ràn, ìdọ̀tí ni. Ẹ tú àwọn síkúrù wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù, ẹ fi ọtí isopropyl nu ojú dúdú inú rẹ̀. Wáyà méjì tó wà ní SHIFT LOCK, ẹ fi irin ìjówáyà jó o kúrò kí ẹ tó fà á. Ẹni tó bá fipá ṣí i á já a.

Fún géèmù, SD2IEC, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka géèmù láti orí káàdì SD, tó. Kò lè ṣe gbogbo ohun tí 1541, ẹ̀rọ díìsìkì C64, ń ṣe, nítorí náà àwọn géèmù kan tó ní ọ̀nà ìkówọlé tiwọn kò ní ṣí. Pi1541, Raspberry Pi tó ń ṣe bíi 1541, ló ń ṣí wọn.

VICE, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ń ṣe bíi C64 lórí láptọ́ọ̀pù lọ́fẹ̀ẹ́, géèmù nìkan sì ni àwọn kan fẹ́, ó tó wọn. SID ni kò jẹ́ kí àwa yòókù fi ẹ̀rọ gidi sílẹ̀. Ohùn mẹ́ta péré ni Bob Yannes, ẹni tó ṣe é, fi sí i, ṣùgbọ́n asẹ́ ohùn inú 6581, SID àkọ́kọ́, kì í bára mu: orin kan náà á rinlẹ̀ lórí ọ̀kan, á dún fẹ́lẹ́ lórí òmíràn. Ẹ wo nọ́ńbà orí rẹ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ o. 6581 ń jẹ 12V, 8580, SID tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ń jẹ 9V. 8580 tí wọ́n bá tì sí ojú 12V kò ní pẹ́ jó.