Sienna àbí HiAce: Ọkọ̀ wo ló yẹ tọkọtaya tó ti fẹ̀yìntì?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì, tí ẹ ń wá ọkọ̀ tí ẹ lè tẹ́ fóòmù sí láti máa sùn, kí ẹ sì máa fi rìn kiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mú kàlẹ́ńdà kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀. Ohun tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ṣe nìyẹn nígbà tí a fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ka ibi tí a máa lọ: Òkè Ìdànrè, tí àwọn ará ìlú gbé lórí rẹ̀ títí di 1923, Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tó ní ìpele méje, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa wà ní Ìbàdàn, Èkó àti Àbújá, a ò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ mọ̀ wá nínú fóònù nìkan.

Kàlẹ́ńdà ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé-ìwé bọ́ sí ìgbà òjò, láti òpin oṣù Keje wọ oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà yẹn ni ilé wa máa ń kún. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, tí ilẹ̀ gbẹ, ni àwa méjèèjì lè rìn, àfi ọ̀sẹ̀ Kérésì. Ọkọ̀ kan náà ni yóò gbé èèyàn méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun náà ni yóò gbé èèyàn méje nígbà òjò. Ohun tí mo fi ń wọn gbogbo ọkọ̀ nìyẹn.

Sienna

Toyota Sienna tòkunbọ̀ ti 2004 sí 2010 ni mo mọ̀ jù, nítorí òun la rà. Ọtọmátíìkì ni gíà rẹ̀, kò sí kilọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ òsì yóò máa tẹ̀. Fún ọkùnrin tí orúnkún ń dùn, nǹkan ńlá nìyẹn. Ìjókòó tó gbẹ̀yìn máa ń wọlẹ̀ pátápátá, ti àárín sì ṣeé tú sílẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe méjèèjì, odidi pákó plywood tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 yóò tẹ́ pẹrẹsẹ sínú rẹ̀. Káfíńtà àdúgbò wa gé tiwa sí méjì kó lè rọrùn láti kó wọlé, a wá tẹ́ fóòmù lé e. Ìjókòó àárín yẹn wúwo o, àwa méjèèjì la jọ ń gbé e. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbọ́ pé àwọn ọmọ ń bọ̀, kò gbà wá ní wákàtí kan kí ó tó padà di ọkọ̀ ẹni méje.

Ti 2004 sí 2006, ẹ́ńjìnnì 3.3 lítà ló ní, timing belt (bẹ́líìtì rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì) ló ń lò, ó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi 90,000 máìlì. Máìlì ni ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ń kà, ẹ má ṣì í kà sí kìlómítà. 90,000 yẹn tó 145,000 kìlómítà. Láti 2007, ẹ́ńjìnnì di 3.5 lítà, ṣéènì ló ń lò dípò bẹ́líìtì. Òun náà ní tirẹ̀: ọ̀pá ọ́ìlì kan wà tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, ó lè bẹ́ lójijì kí ọ́ìlì dà tán. Kí mẹkáníìkì yín wò ó bóyá wọ́n ti fi onírin rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń ṣiyèméjì nípa ọdún ọkọ̀, ẹ ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN), lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 4 ni 2004, 9 ni 2009, A ni 2010.

HiAce

Bọ́ọ̀sì HiAce, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Hummer, láyè gan-an. Sítóòfù, kúlà, àga, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́, kò sì sí ìlú tí ẹ kò ti ní rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ṣùgbọ́n kilọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ wọn ní, abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, ooru rẹ̀ sì máa ń yọ sí ẹni tó ń wà á. Bí ẹ bá tú gbogbo ìjókòó kí ẹ tó kan ibùsùn, àwọn ọmọ-ọmọ ò ríbi jókòó mọ́. Kí ẹ fi ìlà méjì sílẹ̀, kí ẹ kan ibùsùn sẹ́yìn, ìyẹn ló dára jù.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù kò sí nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ra bọ́ọ̀sì ní ìdílé, òun ni wọn yóò máa wá bá fún òkú, ìgbéyàwó àti ìpàgọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kò ní lè kọ̀ fún wọn, Sátidé yín yóò sì máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú owó hòtẹ́ẹ̀lì náà kò burú, bí àwọn ọmọ yín bá ní ọkọ̀ tiwọn.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ wo táyà. Táyà tòkunbọ̀ ni wọ́n tà fún wa, ó ń dán, a gbà. Bí a ṣe ń lọ ṣe ìkómọ ní Ìbàdàn, ti ẹ̀yìn bẹ́ lẹ́yìn Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ọlọ́run ló yọ wá. Nígbà tí a tú u sílẹ̀ ni mo rí 3811 lára rẹ̀: ọ̀sẹ̀ 38 ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán kí a tó dé. Orúkọ tí bàbá àgbà rẹ̀ kọ sínú ìwé, tó fi sápò agbádá, orí fóònù ló ti sọ ọ́, lẹ́bàá títì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ilé kún dẹ́múdẹ́mú, inú Sienna ni a sùn nínú ọgbà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí ọmọ ọdún mẹ́rin fi ń kan gíláàsì pé òun náà fẹ́ wọlé. Ọgbà ilé ọmọ tàbí ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì tó ní ọdẹ ni kí ẹ máa sùn sí. Ẹ má sùn lẹ́bàá títì láé, ẹ má sì rin ọ̀nà jíjìn lóru.

Bí ọmọ-ọmọ yín bá ju márùn-ún lọ, tí ẹ sì ní awakọ̀, ẹ ra HiAce. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Sienna ni. Kí ẹ sì ti yọ owó táyà tuntun mẹ́rin sọ́tọ̀ kí ẹ tó sanwó ọkọ̀.