Rélùwéè Tadami: ẹ má kàn jókòó sínú ọkọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ láwọn téṣàn kéékèèké yẹn

Ẹ̀yin tó ń bi mí nípa rélùwéè Tadami ní Japan, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Láti Aizu-Wakamatsu ní Fukushima títí dé Koide ní Niigata, kìlómítà 135 ni, téṣàn 36, ó máa ń tó wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn, torí fótò afárá àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ yìí fi ń kọjá lórí odò Tadami nìkan ni wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n á gun àtẹ̀gùn tó wà lẹ́yìn Mishima-juku, ibi ìsinmi kan lẹ́bàá títì, wọ́n á mí gùlegùle, wọ́n á ya fótò tán, ó parí. Ó ń dùn mí, torí àwọn téṣàn yẹn gan-an ló ń fà mí padà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ báyìí.

Ẹ sọ̀ ní Aizu-Yanaizu, ibẹ̀ ni wọ́n ní akabeko ti ṣẹ̀, màlúù pupa kékeré tí wọ́n fi bébà mọ, tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kan orí ẹ̀ báyìí á máa mì. Tẹ́ńpìlì Enzoji náà wà níbẹ̀ lórí àpáta lókè odò.

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀, ẹ gbọ́ dáadáa o. Kò sí òṣìṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ téṣàn yẹn, dírẹ́bà nìkan ló ń dá ọkọ̀ ṣe, tẹ́ ẹ bá wọlé ẹ máa fa bébà kékeré tó ní nọ́ńbà, ẹ wo iye tí nọ́ńbà yín jẹ lórí pátákó iwájú, ẹ sọ ọ́ sínú àpótí. Suica, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ní Japan, ò ṣiṣẹ́ láwọn téṣàn kéékèèké yẹn, àpótí yẹn ò sì lè ṣẹ́ owó bébà tó ju 1,000 yen lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 10,000 nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, ara mi ti ń gbóná, màmá arúgbó kan ló dìde wá bá mi ṣẹ́ ẹ, ó ń ka 1,000 sí mi lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé mẹ́wàá. Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn.

Aizu-Kawaguchi ni téṣàn tí èmi fẹ́ràn jù. Odò wà lẹ́yìn ibi tẹ́ ẹ ti ń wọkọ̀ gan-an, tó dákẹ́ rọ́rọ́, tó bá ti ń parí oṣù kẹwàá ewé pupa orí òkè á tún hàn nínú omi. Ibẹ̀ lọkọ̀ ń dé tó ń padà fún ọdún mọ́kànlá, torí àgbàrá oṣù keje 2011 gbé àwọn afárá tó wà níwájú lọ, bọ́ọ̀sì ló ń kó èèyàn dé téṣàn Tadami, àfi ìgbà tó di 1 oṣù kẹwàá 2022 tí wọ́n tún un ṣí. Ìjọba Fukushima ló ni ojú irin apá ibẹ̀ báyìí. Ìgbà tá a kúrò níbẹ̀, bàbá kan nínú oko ju iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì juwọ́ sí wa, omijé bọ́ lójú mi.

Àbùkù ẹ̀? Láti Kawaguchi sí Tadami, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lọkọ̀ ń lọ lójúmọ́, tẹ́ ẹ bá sọ̀ láì mọ aago tí èyí tó kàn máa dé, ìdajì ọjọ́ ti lọ nìyẹn, ẹ sì gbé oúnjẹ dání jàre torí ṣọ́ọ̀bù wọ́n.

Lẹ́yìn Tadami ni túnẹ́ẹ̀lì Rokujurigoe, mítà 6,359, tí yìnyín bá dé wọ́n á ti títì òkè yẹn pa, rélùwéè nìkan láá kù tó ń kọjá. Oṣù kejì tó ń bọ̀ ni mo tún fẹ́ lọ, mo fẹ́ rí Kawaguchi nínú yìnyín.