Tíì àti búrẹ́dì ní Sábó Ìbàdàn: ẹ má rà á lọ sílé, ẹ jókòó mu ún níbẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bèèrè ibi téèyàn ti lè jẹun alẹ́ n'Ìbàdàn láìná owó ńlá, ẹ gba Mọ́kọ́lá kẹ́ ẹ yà sí Sábó tílẹ̀ bá ti ṣú. Àwọn onítíì pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tí mò ń sọ yìí, Málàámù la máa ń pè é, tábìlì gígùn kan ló ní, bẹ́ǹṣì yí i ká, kẹ́tùlù ńlá wà lórí èédú, agolo mílíìkì àti Milo sì wà níwájú ẹ̀.

Tíì ẹ̀ dáa gan-an. Ó ti se omi ẹ̀ pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù, tó bá wá pò ó tán á máa dà á láti kọ́ọ̀pù kan sí èkejì látòkè títí á fi yọ fóòmù. Á la búrẹ́dì sí méjì, á ki ẹyin díndín tó kún fún àlùbọ́sà sí i láàrin, á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù gbígbóná kí ẹ̀yìn ẹ̀ lè gbẹ díẹ̀. Ìndómì náà wà. Ṣúgà ẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù, ẹ tètè sọ fún un kó dín in kù kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ torí bẹ́ǹṣì yẹn gan-an ni mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá, ẹ̀gbẹ́ mọ́tò la máa ń dúró sí, "Àbókí, tíì kan," wọ́n á dì í sínú láílọ́ọ̀nù, ó parí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní "sannu", kẹ́ ẹ bi í pé ilé ẹ̀ dà. Ẹni tó bá ń wò wọ́n lókèèrè á ní Hausa ni gbogbo wọn. Málàámù fúnra ẹ̀, Zinder ní orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n ti bí i, Faransé ló fi kàwé. Ará Bídà tó jẹ́ Nupe máa ń wá, mẹkáníìkì ọmọ Igbo kan náà kì í wọ́n níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí Sábó sì wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń sọ Yorùbá, ọmọ Ọjà-Ọba lẹ máa pè wọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Fúlàní kan dé, ó nawọ́ sí Kanuri kan, ará Maiduguri, tó ń jẹun jẹ́jẹ́ ẹ̀, ló bá ní ẹrú òun nìyẹn. Onítọ̀hún ní irọ́ ni, bàbá òun ló ra bàbá ẹ̀ lọ́jà. Mo ti dìde, mo ti ń wojú ọ̀nà, nígbà tí gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ àtayébáyé ni láàrin Fúlàní àti Kanuri, pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú sí i, ni Fúlàní yẹn bá jókòó ti "ẹrú" ẹ̀, wọ́n jọ jẹ búrẹ́dì kan náà. Ká ní mi ò bèèrè ni, ìròyìn tí ǹ bá gbé délé ni pé wọ́n fẹ́ para wọn ní Sábó.

Bàbá kan tó ń ta gbànja ló ṣàlàyé bí Sábó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún mi. Ọdún 1916 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, obì ń lọ sí òkè Ọya, màlúù ń bọ̀ wá síbí, ẹni tó bá sì kó ọjà dé láti òkè lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ máìgídá ló máa dé sí, ìyẹn á gbà á sílé, á bọ́ ọ, á bá a wá oníbàárà, á sì dúró fún un táwọn oníbàárà bá fẹ́ ràwìn. Gbogbo ìgbà tí mò ń gba Sábó kọjá, mi ò mọ̀ pé irú ètò báyìí wà lẹ́yìn àwọn ògiri yẹn, inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìlú tèmi hàn mí.

Lẹ́yìn ìjà Yorùbá àti Hausa ní ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn ní oṣù Kejì ọdún 2021, ẹ̀rù ba àwa, ẹ̀rù ba àwọn náà. Ó dùn mí gan-an ni. Èèyàn tẹ́ ẹ ti jọ mu tíì, tẹ́ ẹ mọ orúkọ ọmọ ẹ̀, tí wọ́n bá fi irọ́ nípa ẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín, ẹ kọ́kọ́ máa bèèrè ni. Ó ti wọ̀ mí lára débi tí mo fi ń ṣe é níbi iṣẹ́ báyìí, ará Benue kan tó ti ń jókòó níwájú mi tipẹ́, ìgbà tí mo wá bi í nípa ilé wọn ni mo mọ̀ pé olóko iṣu ni ìyá ẹ̀, ọ̀rọ̀ wa ò sì tán mọ́.

Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ má fi òṣèlú tàbí Boko Haram bẹ̀rẹ̀ o, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ilé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Ẹ̀yin obìnrin, ọkùnrin ló pọ̀ jù lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ mú ẹnì kan dání nígbà àkọ́kọ́. Èéfín wà, àyè sì máa ń há lẹ́yìn ìrun alẹ́. Tó bá di Ramadan, kì í tà lọ́sàn-án, ó di lẹ́yìn ìṣínu, á wá tà á títí di sààrì, ìgbà yẹn ló dùn jù lọ. Ẹ mú owó kéékèèké dání, torí tránsífà kì í tètè wọlé níbẹ̀.