Bàbádọ́ọ̀sì àbí Kúbà: Níbo Lẹ Máa Náwó Ìsinmi Yín Sí?

Àwòrán kan náà ni gbogbo àwọn tó ń ta ìrìnàjò Kàríbéánì ní London máa ń gbé síwájú yín: iyanrìn funfun, igi àgbọn, omi tó mọ́ gaara. Bẹ́ẹ̀, àwọn erékùṣù náà kò jọra. Mo mú méjì tí ìwà wọn jìnnà síra, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń rà.

Tó bá jẹ́ òkun lẹ bá lọ, Bàbádọ́ọ̀sì ni. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 34 ní gígùn àti 23 ní fífẹ̀ lọ. Lápá ìwọ̀-oòrùn, omi rẹ̀ rọlẹ̀ bí omi inú àmù, ìjàpá òkun sì máa ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn ní Carlisle Bay. Ìlà-oòrùn ńkọ́? Ìgbì Atlantic tó ti ń bọ̀ láti apá Áfíríkà ló ń ya lu àpáta ní Bathsheba. Àwọn tó ń fi pákó gun ìgbì ló ni ibẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ má wọ̀ ọ́. Kúbà náà ní Varadero, etíkun tó gùn tó kìlómítà 20, iyanrìn rẹ̀ kò lábùkù. Àmọ́ hótẹ́ẹ̀lì ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Èèyàn lè lo ọjọ́ méje níbẹ̀ kó má bá ọmọ Kúbà kankan sọ̀rọ̀ ju ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá lọ.

Nǹkan méjì tí ẹni tó ń tajà lè gbàgbé láti sọ nípa Bàbádọ́ọ̀sì: igi manchineel wà létí òkun, èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré, májèlé sì ni. Bí òjò bá dé, ẹ má sá sábẹ́ rẹ̀, omi tó ń kán lára ewé rẹ̀ máa ń jó awọ ara. Ẹ sì yọ aṣọ aláwọ̀ sójà kúrò nínú àpótí, títí kan ti ọmọdé. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe sójà wọ̀ ọ́.

Oúnjẹ: ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Oistins ni gbogbo ayé ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja ní gbangba. Ẹ béèrè cou-cou, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n rò mọ́ ilá, pẹ̀lú ẹja tó ń fò. Ọkọ̀ ZR ni kí ẹ wọ̀ lọ; ẹni tó bá ti wọ dáńfó rí kò nílò àlàyé. Ní Kúbà, ìrẹsì àti ẹ̀wà dúdú ni ẹ máa bá níbi gbogbo. Bí wọ́n bá ní fufú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé oúnjẹ lè má sí nínú ìkòkò.

Ibi tí Kúbà ti gbé e ni ti ará ilé. Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀. Ní Havana, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Regla, níbi tí ère Màríà dúdú wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn èèyàn ti ń kí Yemọja. Ní Matanzas, tó wà lójú ọ̀nà Varadero, bàtá ṣì ń dún. Orin wọn ti sọ ohùn òkè-ohùn ìsàlẹ̀ nù, àmọ́ “omi” àti “ìyá” á máa yọ sí yín létí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ lè sọ fún yín pé iyawó ni òun: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà ni, ọdún kan ni yóò fi wọ funfun. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti orísun, aleyo ni wọ́n máa pè yín. Àlejò, àbí kí ni?

Bàbádọ́ọ̀sì ní ìtàn tirẹ̀ náà: ibojì àwọn ẹrú ní Newton, àti Bussa, ẹrú tó léwájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní ọdún 1816. Ihò Harrison's Cave dára fún ọmọdé.

Owó wá ńkọ́? Bàbádọ́ọ̀sì wọ́n, dọ́là wọn méjì ni dọ́là Amẹ́ríkà kan, ṣùgbọ́n káàdì ń ṣiṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ní Kúbà, ẹ mú owó yúrò dání ní pépà, káàdì báǹkì Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2024, iná ti ń lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà lẹ́ẹ̀kan náà. A mọ ìyẹn nílé, àmọ́ ta ló ń sanwó ọkọ̀ òfuurufú lọ bá a? Èyí tó le jù ni pé ẹni tó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá ti dé Kúbà láti ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, kò lè fi ESTA, àṣẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dípò físà, wọ Amẹ́ríkà mọ́. Ẹ́ḿbásì ni yóò ti lọ tọrọ físà. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n ní Houston tí ẹ máa ń lọ kí, ẹ rò ó dáadáa.

Oṣù Kẹfà sí Ìkọkànlá ni ìgbà ìjì líle. Bí ẹ bá ń kó ọmọ àti ìyá àgbà lọ, ẹ ra Bàbádọ́ọ̀sì, láàárín oṣù Kìn-ín-ní sí Ìkẹrin. Bí ẹ̀yin nìkan bá ni, tí ara yín sì le, ẹ ra Kúbà fún oṣù Kejìlá: ọjọ́ 4 ni wọ́n ń ṣe ọdún Ṣàngó, ọjọ́ 17 ni ti Babalúayé ní El Rincón, nítòsí Havana. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sí Varadero, kí ẹ fi ìyókù gba yàrá nílé ará ìlú ní Havana àti Matanzas.