Oṣù mẹ́rin tí mo fi ń rán gìtá mi sí tíṣà lórí fóònù: ohun tí owó mi rà

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ta gìtá, ọdún márùn-ún nínú rẹ̀ ni mo sì fi rò pé mo mọ̀ ọ́n ta. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ni mo ní n'Íbàdàn. Bí iná bá ti lọ tí oníbàárà ò sí, gìtá ni mo máa ń fà yọ lẹ́yìn káńtà. Àwọn tó ń kọjá á ní, "Bàbá Fèyí, ẹ kú fàájì o," èmi á sì gbà á bí ìyìn.

Fèyí fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ba ọjà náà jẹ́. Ó ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kàn ní, "Dádì, kí ló dé tí ẹ máa ń sáré níbì kan náà lójoojúmọ́?" Mo ní ibo nìyẹn. Ó ní òun ò mọ orúkọ ibẹ̀, àmọ́ bí mo bá ti débẹ̀, ó máa ń dà bíi pé ajá ń lé mi.

Bí mo ṣe wá tíṣà kiri nìyẹn. Ẹni tí mo rí kì í kọ́ni lójúkojú. Ẹ ó san ₦8,000 lóṣù, ẹ ó máa rékọ́ọ̀dù ara yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹ ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, òun náà á sì fi fídíò dá yín lóhùn kó tó pé ọjọ́ méjì. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò níwájú.

Ti rékọ́ọ̀dù ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ ni ìyà ti kọ́kọ́ jẹ mí. Mo gbé fóònù síwájú ihò gìtá gan-an, mo rò pé ibẹ̀ ni ohùn ti ń jáde. Ohun tí mo gbọ́ ń dún wùù-wùù bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àmù. Tíṣà ní kí n gbé e kúrò níbẹ̀, kí n kọjú rẹ̀ sí fíréètì kejìlá (fíréètì ni àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá), kó jìnnà sí mi tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìyẹn nìkan ti wo ìdajì àìsàn náà sàn. Ìdajì yòókù, ariwo ṣọ́ọ̀bù ni. Fóònù ní ọgbọ́n àgbọ́njù kan: bí mo bá ń ta á jẹ́jẹ́, á gbé ohùn sókè, á sì gbé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò náà sókè pẹ̀lú rẹ̀, bí mo bá ta á kíkan, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo kó lọ sí yàrá, mo pa fáànù, mo jókòó kọjú sí wọ́dúróòbù tí mo ṣí sílẹ̀ gbayawu. Aṣọ inú rẹ̀ ń gbé ohùn tó fẹ́ ta padà mì. Òógùn bò mí, ṣùgbọ́n gìtá mi wá ń dún bíi gìtá.

Ibi tí mo ti pẹ́ jù ni ti gbígbọ́. Ẹnu fóònù ni mo fi ń gbọ́ ara mi ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, máa ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹnu fóònù kékeré kò sì lè gbé irú ohùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde dáadáa. Àwọn ìka yòókù ni mo ń gbọ́, n kò gbọ́ àtàǹpàkò, tó jẹ́ pé òun ló ń ta àwọn okùn tó nípọn. Ọjọ́ tí mo fi ìyapíìsì onókùn sétí ni mo tó mọ̀ pé àtàǹpàkò mi ń ṣe bíi lébìrà tí ọ̀gá rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́. Nígbà mìíràn á dé, nígbà mìíràn kò ní dé, bó bá sì dé, á pẹ́. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí mò ń ta á lọ́wọ́, mo fi orí mi búra pé mo gbọ́ ọ! Orin tó wà lọ́kàn mi ni mo ń gbọ́, kì í ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ mi.

Ó wá kan ti ìdáhùn tíṣà, òun gan-an ni mo sanwó fún. Ọmọkùnrin náà kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún lójú mi, èmi sì ti lé ní àádọ́ta. Fídíò mẹ́rin àkọ́kọ́ tó fi dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni sà. Ẹ gbìyànjú sà. Ẹ ṣáà máa bá a lọ sà, ẹ ó débẹ̀ sà." Mo ka "sà" inú ọ̀kan nínú wọn, ó pé mẹ́tàlá. Ilé tó dáa ló ti wá, n kò bá a jà. Ta ni yóò wo bàbá lójú kó ní bàbá ò mọ nǹkan ta? Ṣùgbọ́n ₦4,000 ti wọlé lórí "sà".

Mo bá sọ̀rọ̀ sí fóònù, mo fi ránṣẹ́: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé irun funfun mi. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ta èyí, kí lẹ máa sọ fún un?" Kò fèsì lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, fídíò ìṣẹ́jú mẹ́fà wọlé.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ má bínú o". Ó dá ohùn mi dúró níbi ìṣẹ́jú àáyá 41, níbi tí mo ti ń kúrò ní kọ́ọ̀dù G bọ́ sí kọ́ọ̀dù C (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tí a ta pa pọ̀), ó dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì, ó ní kí n gbọ́. Mo gbọ́ ọ. Kí G tó parí ni mo ti ká gbogbo ìka mi kúrò, okùn dákẹ́, ihò kan là sáàárín, ẹ̀rù ihò náà ló sì ń lé mi já lu C kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Ibi tí ajá ti ń lé mi nìyẹn! Mo ti fẹ́ sọ pé mo ń fi ẹsẹ̀ ka ìlù, ó ti mọ̀: "Ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ yín, sà. Òun ló ń tẹ̀lé ọwọ́ yín, kì í ṣe ọwọ́ yín ló ń tẹ̀lé e." Mo pa fóònù, mo lọ mu omi.

Ìwòsàn rẹ̀ kò le. Ó ní kí n fi ìka òrùka mú okùn kẹfà ní fíréètì kẹta, ìka àárín á mú okùn karùn-ún ní ìkejì, ọmọńdinrín á mú okùn kìíní ní ìkẹta. Bó bá wá kan C, ìka òrùka àti ti àárín á jọ sún sí okùn tó tẹ̀lé e láì tú ara wọn ká, ìfábẹ̀lá á sì bọ́ sórí okùn kejì ní fíréètì kìíní. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kó gbogbo ọwọ́ dìde bí ẹni tí èèrà ta! Ó ní kí n fi metronome, ẹ̀rọ tó ń lu kọ́-kọ́ kí èèyàn lè mọ ìwọ̀n eré, sí 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí n má ta nǹkan mìíràn ju kọ́ọ̀dù méjì yẹn lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. (Ẹ má fi ìyapíìsì Bluetooth ṣe é o. Ó máa ń pẹ́ kí ohùn tó dé etí, ẹ ó kàn máa bá ara yín jà lásán.) Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló ń mú nínú rékọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, bí àṣìṣe mẹ́wàá tiẹ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn sì ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ ni gìtá ẹlẹ́mu, tí à ń fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá nìkan ta. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà ló tan irú ọwọ́ náà káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì wà lára ohun tí jùjú ti hù l'Ékòó láyé olórin jùjú nì, Tunde King, ní àwọn ọdún 1930 sí 1939. Tíṣà sọ òtítọ́, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Mo bá lọ bá bàbá káfíńtà kan ládùúgbò wa tó ti bá ẹgbẹ́ olórin rìn rí. Mo fẹ́ gbé fóònù sí i létí, ó gbọ́n ọn nù: "Gbé gìtá wá, kí n rí ọ." Kò tíì gbọ́ ju ìlà méjì lọ tó fi béèrè pé, "Ẹrù wo ni èjìká rẹ ń gbé?" Òótọ́ ni, èjìká ọ̀tún mi ti gòkè dé etí. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń rán fídíò, ọwọ́ nìkan ni mo máa ń kọjú kámẹ́rà sí. Ẹ jìnnà sí kámẹ́rà díẹ̀.

Ẹjọ́ mi wá rèé. Ní oṣù kẹta, lẹ́yìn tí mo ti sanwó, tíṣà dákẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ó padà dé, ó ní òun rìnrìn àjò, kò sì fi ọjọ́ kankan rọ́pò rẹ̀. Òmíràn ni pé kò sọ fún mi níbẹ̀rẹ̀ pé WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ tí ohùn á fi tín-ín-rín. Fúnra mi ni mo wádìí rẹ̀ pé bí a bá fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, bó ṣe wà ló máa dé. Ó ń jẹ dátà ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé rékọ́ọ̀dù ọ̀sẹ̀ kìíní àti ti ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún fún Fèyí láì sọ èyí tó jẹ́ èwo. Ó mú èyí tó dáa. Ó ní ẹni yẹn náà ń sáré díẹ̀ níparí.

Tíṣà ti sọ owó di ₦10,000 báyìí. Mo ní n ó san án bó bá kọ́kọ́ dá ọjọ́ mọ́kànlá mi padà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà." A ṣì wà lórí ẹ̀.