Apá Róbọ́ọ̀tì fún Iléeṣẹ́ Kékeré: Èwo Ló Bá Iṣẹ́ Yín Mu ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀?

Báàgì omi inú ọ̀rá kan, ìyẹn ogún ọ̀rá oní-50cl, kílò 10 ni. Apá róbọ́ọ̀tì tí wọ́n sábà máa ń fi han oníléeṣẹ́ kékeré, kílò 5 ló lè gbé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á wo fídíò, á rí apá tó ń to páálí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì ní béèrè bóyá ẹrù wà nínú páálí yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sí àádọ́ta la kọ ìfiwéra yìí fún: olómi, oníkaṣú, onígaàrí, àti wẹ́dà tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ọ̀nà márùn-ún ló wà níwájú yín. Àkọ́kọ́ ni cobot, apá tí wọ́n ṣe kó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn, tó sì máa ń dúró tó bá kọlu nǹkan. Èkejì ni apá ńlá àlòkù tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Ẹ̀kẹta ni apá kékeré orí tábìlì. Ẹ̀kẹrin ni férémù onírin tó ń rìn síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò. Ẹ̀karùn-ún kì í tiẹ̀ ṣe róbọ́ọ̀tì, òun ló sì bá ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ agbègbè wa mu jù lọ.

Nọ́ḿbà tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò

UR ni ìkékúrú Universal Robots. Òun, Dobot àti FANUC jẹ́ iléeṣẹ́ tó ń ṣe apá róbọ́ọ̀tì; èyí tó kù nínú orúkọ kọ̀ọ̀kan ni irú apá náà.

| Apá | Ẹrù (kg) | Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé (mm) | Ìwọ̀n apá fúnra rẹ̀ (kg) |
|---|---|---|---|
| Dobot MG400 | 0.75 | 440 | 8 |
| UR5e | 5 | 850 | 20.6 |
| FANUC CRX-10iA | 10 | 1249 | 40 |
| UR10e | 12.5 | 1300 | 33.5 |
| UR20 | 20 | 1750 | 64 |

Ọwọ́ ìmú tí ẹ máa so mọ́ ẹnu apá wà nínú kílò tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọwọ́ ìmú tó lè di báàgì omi mú dáadáa kì í sábà fúyẹ́ ju kílò 2 lọ. Báàgì 10, ọwọ́ ìmú 2, ó di 12. Agbára káká ni UR10e fi lè gbé e, CRX-10iA ò lè gbé e, UR5e ò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀. Ẹ má ra apá tí iṣẹ́ yín á máa mú dé góńgó lójoojúmọ́: tí ẹrù bá ti sún mọ́ òpin, tí àárín ìwúwo rẹ̀ sì jìnnà sí ẹnu apá, ẹ ó ní láti dín ìyára rẹ̀ kù, tàbí kó máa dá dúró fúnra rẹ̀ láàárín iṣẹ́.

Oníkaṣú náà ní ìṣirò tirẹ̀. Báàgì kaṣú bíbó tí wọ́n ń tà sókè òkun jẹ́ kílò 11.34, páálí tó gba méjì sì jẹ́ 22.68. Ẹyọ báàgì kan pẹ̀lú ọwọ́ ìmú ti kọjá agbára UR10e. Páálí kíkún ti kọjá ti UR20. Ẹ̀yin tí ẹ ń to páálí ní láti wo UR30, tó ń gbé kílò 30 tí ọwọ́ rẹ̀ sì dé 1300 mm, tàbí kí ẹ lọ sọ́dọ̀ apá ńlá.

Ibi tí ọwọ́ dé náà ṣe pàtàkì. Ẹ mú páléètì (pátákó tí wọ́n ń to ẹrù lé) 1200 × 1000 mm, ẹ gbé apá síwájú àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn, kí ó fi 200 mm jìnnà sí etí. Àárín báàgì tó wà ní igun ọ̀ọ́kán á fi nǹkan bí 1080 mm jìnnà sí ìdí apá. UR5e ò lè dé ibẹ̀ láéláé. UR10e á dé e, àmọ́ tí ìtò bá ti ga kọjá èjìká rẹ̀, ọ̀nà á tún máa kù díẹ̀ká à tó. Ẹ fi sọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀, ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n kí ẹ tó pe olùtajà.

Cobot tàbí apá ńlá àlòkù?

Universal Robots ti Denmark, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, ló ta cobot rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2008. Ohun tó mú kí iléeṣẹ́ kékeré fẹ́ràn irú apá yìí ni pé kò nílò ẹnjiníà tó mọ èdè kọ̀ǹpútà. Lórí UR, ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ di apá mú, ẹ fọwọ́ wọ́ ọ lọ síbi tí ẹ fẹ́, ẹ fi ibẹ̀ pamọ́, ẹ tún wọ́ ọ lọ síbòmíràn. Ọmọ iṣẹ́ tó mọ fóònù lò dáadáa lè kọ́ ọ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń fò, òun náà ló sì ń fa ẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì. Èkíní ni ìwọ̀n ẹrù. Ẹ ní láti sọ fún apá iye kílò tó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó gbé ẹrù àti nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Tí ẹ kò bá sọ ọ́, yóò rò pé ẹnì kan ló ń fà á, yóò dá dúró. Tàbí kẹ̀, nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì láti wọ́ ọ, yóò máa rọra rìn fúnra rẹ̀ lọ sílẹ̀. Èkejì ni góńgó ọwọ́ ìmú: ẹ mú un kan ojú ìṣó kan ṣoṣo láti ìhà mẹ́rin kí apá lè mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ wà gan-an. Ẹni tó bá fò ó á rí i pé báàgì tò dáadáa lójú kan, ó sì yẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá yí.

Ìdè rẹ̀ kò le. Bóòtù M8 mẹ́rin, èyí tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, ni UR5e àti UR10e ń lò, ẹ fún un dé 20 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń yí bóòtù. Ṣùgbọ́n tábìlì onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wẹ́dà àdúgbò yára jó pọ̀ á máa mì, gbogbo ibi tí ẹ fi pamọ́ á sì yẹ̀. Ẹ da kọnkéré sílẹ̀, ẹ ri bóòtù mọ́ ọn, ẹ gbé òpó onírin lé e.

Apá ńlá àlòkù ń gbé ohun tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yára jù, owó rẹ̀ sì lè kéré sí ti cobot tuntun. Ìyà rẹ̀ wà níbòmíràn. Iná onífásì mẹ́ta ló sábà máa ń fẹ́. Kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ògiri, nítorí náà dandan ni ọgbà onírin yí i ká, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó máa pa á tí wọ́n bá ṣí i. Ẹni tó mọ tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lò kò pọ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀ láti Èkó wá sí Ìyàrà kò sì kéré. Tí ó bá jẹ́ FANUC, ẹ béèrè bátìrì tó wà nídìí apá: òun ló ń rántí ipò oríkèé kọ̀ọ̀kan nígbà tí kò sí iná. Apá tó ti wà nínú kọ̀ǹténà fún oṣù púpọ̀ lè ti gbàgbé ara rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló sì máa tún un fi hàn án. Tí ẹ bá ń pààrọ̀ bátìrì yẹn, kí àpótí ìdarí rẹ̀ wà ní títàn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ cobot tàn yín pé kò lè ṣe yín léṣe. ISO/TS 15066 ti 2016, ìlànà àgbáyé nípa ààbò cobot, to ìwọ̀n agbára tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan lè fara dà lẹ́sẹẹsẹ, ìwọ̀n yẹn sì máa ń sọ apá di onílọ̀ọ́ra nígbà tí ènìyàn bá wà nítòsí. Tí ọ̀bẹ bá wà lẹ́nu apá, tàbí ẹrù kílò 12 tó lè bọ́ sí ẹsẹ̀, ọgbà tàbí sẹ́ńsọ̀ ṣì pọn dandan.

Ọwọ́ ìmú àti iná

Ibí yìí ni owó ti ń jò. Ọwọ́ ìmú tó ń fi afẹ́fẹ́ fa nǹkan dára fún páálí. Rọ́bà oníhò tó fẹ̀ ní 40 mm, tí ìfàmọ́ra rẹ̀ dé 60 kPa, ń gbé nǹkan bí kílò 7.5 lórí ìwé. Ẹ pín in sí mẹ́rin nítorí ìrìn sọ́tùn-ún sósì àti eruku. Ó kù díẹ̀ kó pé 2. Lórí báàgì omi, ẹ gbàgbé rẹ̀: ọ̀rá ń ká, afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọlé, báàgì á já bọ́ lójú ọ̀nà. Ohun tó ń mú un ni ọwọ́ tó ní ìka gígùn bí fọ́ọ̀kì, tó ń wọ abẹ́ báàgì, tí pátákó kan sì ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè.

Tí iná bá lọ lójijì, búréèkì inú oríkèé cobot á di apá mú, kò ní wó lulẹ̀. Àmọ́ ẹrù tí afẹ́fẹ́ gbé dúró á já bọ́, àfi tí fáàfù tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró bá wà níbẹ̀. Ní ibi tí NẸ́PÀ ti ń mú un bí ó ṣe wù ú, ẹ fi ínfátà sáàárín. UR10e sábà máa ń jẹ nǹkan bí 350 W lẹ́nu iṣẹ́. Bátìrì 48 V, 200 Ah, tí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ péré, ní 4.8 kWh, èyí tó tó bí wákàtí 12. Kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè afẹ́fẹ́ fún ọwọ́ ìmú, ni kò ní jẹ́ kí ìṣirò yẹn dúró: oní-1.5 kW kan ń jẹ ju apá mẹ́rin lọ tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gbára lé sólà, kó ra ọwọ́ ìmú onímànàmáná, kó fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀.

Eruku ọyẹ́ àti eruku gaàrí tún jẹ́ ọ̀tá. CRX-10iA jẹ́ IP67, ìyẹn ni pé eruku àti omi kò lè wọ̀ ọ́. UR10e jẹ́ IP54, ààbò rẹ̀ kéré sí ìyẹn. Síbẹ̀, àpótí ìdarí ló máa ń kọ́kọ́ ṣàìsàn. Ẹ gbé e kúrò ní yàrá tí wọ́n ti ń yan gaàrí tàbí tí wọ́n ti ń kù ú, ẹ sì máa nu ibi tí fáànù rẹ̀ ti ń mí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì.

Férémù, apá orí tábìlì, àti ohun tí kì í ṣe róbọ́ọ̀tì

Apá bíi MG400 dára fún lílẹ lébẹ́ẹ̀lì, fún dídì ìdérí, fún gbígbé ike ìpara kékeré. Kò lè gbé ẹyọ ìgò omi 75cl kíkún kan. Kò sí ohun púpọ̀ láti fi kún un.

Férémù onírin tó ń rìn sí ìhà mẹ́ta ni wẹ́dà Kàbà tó mọ iṣẹ́ lè bá yín jó: ojú irin títọ́, skrúù gígùn, àti mótọ̀ tó ń yí ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Owó rẹ̀ kéré, ẹ sì lè rí ẹ̀yà rẹ̀ rọ́pò. Àléébù rẹ̀ ni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀. Mótọ̀ rẹ̀ tún lè pàdánù ìgbésẹ̀ tí ẹrù bá wúwo, kò sì ní mọ̀ pé òun ti sọnù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fi súwíìṣì sí ìpẹ̀kun ojú irin kọ̀ọ̀kan kó lè máa padà wá fara kàn án.

Ojú ọ̀nà onírọ́là ni ẹ̀karùn-ún. Báàgì á ti ẹnu ẹ̀rọ omi yí dé ẹ̀yìn ọkọ̀, láìsí iná. Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé rọ́là mẹ́ta ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹrù nígbà gbogbo: tí báàgì bá gùn ní 400 mm, kí àárín rọ́là méjì má ju 130 mm lọ. Báàgì omi rọ̀, nítorí náà 75 mm ló dára jù, kó má baà sọ̀ sáàárín. Tí ọmọ iṣẹ́ kò bá ní gbé báàgì rìn mọ́, tó kàn ń tò ó, ẹ ó ti rí èyí tó pọ̀ nínú èrè tí ẹ ń wá lọ́dọ̀ róbọ́ọ̀tì.

Owó

Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ láti 2024 ni ₦70,000. Ènìyàn mẹ́ta lọ́dún kan jẹ́ ₦2,520,000. Ẹ jẹ́ ká ní gbogbo ètò róbọ́ọ̀tì náà, apá, ọwọ́ ìmú, òpó, ínfátà àti ìfisípò, jẹ́ dọ́là 30,000, ká sì ṣírò dọ́là kan sí ₦1,500. Ó di ₦45,000,000. Yóò gbà tó ọdún 18 kí owó oṣù ènìyàn mẹ́ta tó san án. Ẹ fi iye tí wọ́n bá sọ fún yín rọ́pò tiwa, bátànì rẹ̀ kò ní yí púpọ̀.

Ẹ má ra apá róbọ́ọ̀tì nítorí pé ẹ fẹ́ dín àwọn ọmọ tó ń to báàgì kù. Ẹ rà á níbi tí ọwọ́ tó ń yẹ̀ ti ń ná yín lówó. Wẹ́dà tó ń ṣe férémù ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ kan náà ní àádọ́ta, tó ń fọ́ ojú irin tí kò jó dáadáa, tó tún ń jó o padà, ní ìdí tó dájú: tọ́ọ̀ṣì MIG tí wọ́n fi ń jó irin fúyẹ́, UR5e tàbí CRX-10iA tó o. Àmọ́ kó mọ̀ pé róbọ́ọ̀tì kì í rí àlàfo. Tí irin méjì bá fi ju nǹkan bí 1 mm jìnnà síra, apá á jó afẹ́fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ra ayùn tó ń gé irin déédéé àti ohun tí ẹ máa fi di irin mú sójú kan. Oníkaṣú tó rò pé apá máa bá òun pa èèpo, ẹ̀rọ ìpakaṣú àti ẹ̀rọ ìsekaṣú ni kó lọ rà.

Kí ẹ tó san owó

Ẹ fi ogún báàgì tiyín ránṣẹ́ sí olùtajà, kì í ṣe páálí tiẹ̀, kó fi wọ́n ṣe fídíò láìdá iṣẹ́ dúró fún wákàtí kan. Ẹ béèrè iye báàgì tó tò ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ̀rọ yín bá ń mú 8 jáde, apá ní ìṣẹ́jú àáyá 7.5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lílọ àti bíbọ̀. Ẹ béèrè ibi tí tábúlẹ́ẹ̀tì mìíràn wà tí èyí bá já bọ́, àti iye ọjọ́ tí ẹnjiníà máa fi dé Mọ̀pà. Rethink Robotics ti Amẹ́ríkà, tó ṣe apá Baxter ní 2012, ti ilẹ̀kùn ní 2018, nítorí náà ẹ ra èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò.

Ẹ di ìdá kan nínú mẹ́ta owó mú títí apá yóò fi ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ nínú iléeṣẹ́ yín, lórí iná tiyín, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ tiyín nídìí rẹ̀, tí ẹ ó sì ti pa iná ẹ̀ẹ̀mẹta láìsọ fún ẹnikẹ́ni.