Tíkẹ́ẹ̀tì Ọlọ́dún Bọ́ọ̀lù Yunifásítì Amẹ́ríkà: Ẹ Ka Ìlà Kejì

Ẹni tó bá gba bíìlì tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún (tíkẹ́ẹ̀tì tó wà fún gbogbo ìdíje ilé ní sáà kan) fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ní yunifásítì ńlá, kó wo ìlà kejì dáadáa kó tó sanwó. Ìlà àkọ́kọ́ ni owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìkejì ni ọrẹ tí wọ́n bù lé àga náà lórí. Ọrẹ ni wọ́n ń pè é, àmọ́ dandan ni: ẹni tí kò bá san án kò ní jókòó síbẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á, bí àga bá sì ṣe ń sún mọ́ àárín pápá ló ń wọ́n sí i.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó jù ni póìǹtì. Iye tí ẹ fi tọrẹ àti iye ọdún tí ẹ ti ń rà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Òun ló ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ mú àga àti ibi tí ọkọ̀ yín máa dúró sí. Tí wọ́n bá tún pápá ṣe, wọ́n lè ní kí gbogbo èèyàn tún àga mú. Ẹni tó ti ń jókòó síbì kan láti ọdún 20 sẹ́yìn lè bá ara rẹ̀ lókè téńté tó jìnnà sí pápá, torí pé olówó kan kọ ṣẹ́ẹ̀kì ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn ò dáa rárá.

Títí di ìparí 2017, ẹ lè yọ ìdá 80 nínú 100 ọrẹ yìí kúrò nínú iye tí ìjọba ń gba owó orí lé lórí. Láti 2018, òfin ti gbégi lé e. Ẹ má kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù owó orí yín.

Níbo lowó ń lọ? T. Boone Pickens, olówó epo rọ̀bì kan, fún Yunifásítì Oklahoma State ní mílíọ̀nù 165 dọ́là ní ìparí 2005; orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápá wọn. Nígbà tí Yunifásítì Texas A&M lé kóòṣì bọ́ọ̀lù wọn, Jimbo Fisher, ní 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù 76 dọ́là ló ṣì kù tí wọ́n máa san fún un nínú àdéhùn rẹ̀, ọ̀gá eré ìdárayá wọn sì sọ pé owó ọrẹ làwọn máa kọ́kọ́ fi san níbẹ̀. Láti July 2025, yunifásítì ti lè sanwó fún àwọn eléré; ó lè tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́. Yunifásítì Tennessee fi ìdá 10 nínú 100 kún tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún nítorí rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ọjọ́ tí ìsanwó máa parí, torí ẹni tó bá pẹ́ lè pàdánù àga. Ẹ tún béèrè bóyá ọmọ lè jogún póìǹtì. Ọkọ tàbí aya nìkan ni ọ̀pọ̀ ibi ń gbà. Tó bá jẹ́ ìdíje méjì tàbí mẹ́ta lẹ máa lọ, ẹ ra ti ẹyọ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tún tíkẹ́ẹ̀tì tà.